Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra idà àtijọ́ n'Íbàdàn: ẹ má fi ìró irin mọ ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fẹ́ràn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, mo kọ èyí sí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí pé ọkùnrin kan wà tí ó ń pàtẹ idà nítòsí Dùgbẹ̀, tí ó ń fi ìró irin gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, èmi náà sì wà lára àwọn tí ó ti lù ní jìbìtì.

Ohun tí ó máa ń ṣe nìyí. Yóò fi okùn ọ̀rá so idà kọ́ lábẹ́ èèkù, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Idà náà yóò ró gooro bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ìró náà yóò sì máa lọ títí. Yóò wá wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Irin tí àwọn bàbá wa fúnra wọn yọ́ nìkan ló ń dún báyìí. Irin òyìnbó ò lóhùn." Ó sọ fún mi pé ogun Kíríjì, tí wọ́n jà láti 1877 títí di 1893, ni wọ́n ti lo idà náà, ó sì fi kún un pé ogun tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn, kò yẹ kí ohun ìjà rẹ̀ ya odi. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo san 85,000 náírà.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan lẹ́bàá Ọjà'ba. Bàbá kò tilẹ̀ bèèrè iye tí mo rà á. Wọ́n mú àdá tuntun tí wọ́n fi síprìǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n so ó kọ́ bí mo ti ṣàlàyé, wọ́n sì lù ú. Ó ró ju idà mi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka méjì di idà mi mú ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn rẹ̀, ó sì ń ró. Nígbà tí wọ́n sún ìka wá sí àárín tí wọ́n tún lù ú, ìró náà kú, ó dún pàkà bí igi. "Irin kan náà ni, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ibi tí ọwọ́ ti dì í mú ló yàtọ̀."

Gígùn irin, bí ó ṣe nípọn tó, bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ṣóńṣó, àti ibi tí a ti so ó kọ́ ni ó ń pinnu bí yóò ṣe ró. Ríri irin gbígbóná bọ omi máa ń mú kí ó le, ṣùgbọ́n agbára káká ni ó fi ń yí ìró rẹ̀ padà. Àwọn ìyá wa tí ń ra ìkòkò amọ̀ a máa fi ìka lù ú, wọn a sì dẹtí sí i. Kì í ṣe ọjọ́ orí ìkòkò ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe bóyá ó ti sán. Ìwọ̀nba ohun tí ìró idà náà lè sọ fún wa nìyẹn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé idà àtijọ́ gidi lè má ró rárá, nítorí pé èèkù rẹ̀ ti mì, tàbí pé igi àti awọ tí wọ́n fi wé e ń pa ìró náà. Ọkùnrin yìí kan náà lu idà bàbá ńlá ẹbí kan lápá Ọ̀rányàn lójú wọn, ó ní kò lóhùn, ó sì fẹ́ rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà ilé náà tí ó kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí a tú awọ èèkù idà tèmi, a rí ibi tí wẹ́dà ti jó irin méjì pọ̀. Ìpẹtà ara rẹ̀ pupa bí osùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi níka, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà ọlọ́jọ́ pípẹ́ a máa dúdú, a máa le, a sì ti jẹ ihò wọnú irin. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yọ owó, kí ẹ sì bèèrè agboolé tí idà náà ti wá.

Ó tún ń ṣèlérí pé ẹ lè tà á sí òkè òkun láìsí wàhálà. Irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lóòótọ́, òfin kò gbà kí a mú un jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ kẹta pé kí ó dá owó mi padà, ó kọ̀. Idà mìíràn ti wà lórí okùn ọ̀rá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì tẹ́tí sí i.