Ọbẹ̀ kíkan lábẹ́ àwòrán aṣọ́lé: ilé oúnjẹ mẹ̀kúnnù kan ní Łódź

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé Łódź, ìlú aṣọ híhun ní àárín Pólàǹdì. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tó lọ sùn, mo máa ń yà síbì kan lẹ́yìn òpópónà Piotrkowska tí wọ́n kọ “Bar Mleczny” sókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò lórúkọ mìíràn. Ilé wàrà ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń dúró níkùn ni wọ́n ń tà. Irú ilé oúnjẹ yìí pọ̀ káàkiri Pólàǹdì láyé ìjọba Kọ́múníìsì, ìjọba sì ṣì ń fowó tì wọ́n lẹ́yìn dòní lórí oúnjẹ tí kò lẹ́ran, kí mẹ̀kúnnù lè rí nǹkan jẹ.

Ẹ ó tò, ẹ ó sanwó, wọ́n á fún yín ní ìwé pélébé, ẹ ó gbé e lọ sójú fèrèsé ìdáná, ẹ ó sì dúró títí ìyá inú ibẹ̀ á fi pariwo orúkọ oúnjẹ yín. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ̀yin náà lẹ ó dá àwo padà.

Zalewajka ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ọbẹ̀ agbègbè Łódź gan-an ni. Wọ́n á rẹ ìyẹ̀fun ọkà kan tí wọ́n ń pè ní rye sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, wọ́n á wá fi omi kíkan náà se pòtétò, pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù àti sọ́séèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bu ṣíbí kan sẹ́nu, òórùn omidùn ni mo gbọ́. Omidùn orí ìkòkò ògì ìyá mi l'Ábẹ́òkúta! Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀, kí n tó tún bu òmíràn. Złoty 9 péré, owó Pólàǹdì, ni wọ́n ń tà á.

Pierogi wọn náà dáa. Ìyẹ̀fun pípò ni, tí wọ́n ki pòtétò àti wàràkàṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, tí wọ́n da àlùbọ́sà díndín lé lórí. Mẹ́jọ ló wà nínú àwo kan. Mo máa ń mú ata gígún dání sápò, ìyá ìdáná sì ti bèèrè díẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà kan. Bigos wọn, ọbẹ̀ kábéèjì kíkan àti ẹran, ni n kò lè gbà yín níyànjú láti rà, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tábìlì kò sì tó: tó bá di agogo méjìlá, ìdúró lẹ ó wà jẹun.

Ẹ wá wo ògiri tó kọjú sí fèrèsé ìdáná. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ti gé e: ọkùnrin onírun gígùn kan tó na gbọọrọ níwájú àwọ̀n. Jan Tomaszewski ni, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ŁKS Łódź àti ti Pólàǹdì. Èmi náà ṣọ́lé nílé ìwé girama, lórí pápá oníyanrìn pupa tó bó orúnkún mi yánnayànna, nítorí náà mo dúró wò ó dáadáa. Bàbá kan tó máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, rí mi. Ó ní kí n fìdí lélẹ̀, kí òun sọ ìtàn rẹ̀ fún mi.

October 17, 1973, ní Wembley. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó lè lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ọ̀mì ti tó Pólàǹdì. Brian Clough, olùkọ́ni bọ́ọ̀lù ará Gẹ̀ẹ́sì, ti jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ó pe Tomaszewski ní aláwàdà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ni aláwàdà náà ti fọwọ́ ṣèṣe, ó sì fara dà á dé òpin. Ẹsẹ̀ ló fi gbá bọ́ọ̀lù kan jáde, orúnkún ló fi dí òmíràn. Kò rẹwà lójú, mo ti wo fídíò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣọ́lé rí mọ̀ pé ẹwà kọ́ ni wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù. Domarski gbá ti Pólàǹdì wọlé, Clarke fi pẹ́nátì dá a padà fún Gẹ̀ẹ́sì, ó parí sí 1-1. Ilé ni Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí lọ́dún 1974. Pólàǹdì lọ sí Jámánì, wọ́n gba ipò kẹta, Tomaszewski sì mú pẹ́nátì méjì: ti Tapper ará Sweden àti ti Uli Hoeness ará Jámánì.

Lọ́dún 2011, ìlú Łódź yìí dìbò yan Tomaszewski sílé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Prawo i Sprawiedliwość. Kó tó débẹ̀ ló ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù, títí kan Grzegorz Lato, ẹni tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù tó wá di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Pólàǹdì. Nígbà tí Pólàǹdì gbàlejò ìdíje Yúróòpù lọ́dún 2012, ó ní òun kò ní ṣatìlẹ́yìn fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè òun, nítorí àwọn kan nínú wọn dàgbà sí Jámánì àti Faransé. Mi ò fara mọ́ èyí rárá. Aṣọ́lé gbọ́dọ̀ lè di etí rẹ̀ sí ariwo pápá, ṣùgbọ́n ní ilé aṣòfin, etí yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Mo bi bàbá náà pé Emmanuel Olisadebe agbábọ́ọ̀lù ńkọ́? Ọmọ Warri ni, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Pólàǹdì lọ́dún 2000, ó jẹ gólì 8 nínú ìdíje tó gbé wọn lọ sí ife ẹ̀yẹ 2002, tí wọn kò tíì dé láti 1986. Bàbá gbé ife kompot rẹ̀, omi èso tí wọ́n sè, ó mu ún tán kó tó fèsì. Ó ní àwọn jó ní òpópónà nítorí ọmọ yẹn. Mo wá bi í bóyá ó dìbò fún Tomaszewski. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nàka sókè sí àwòrán: “Ẹni yẹn ni mo dìbò fún.”

Tomaszewski fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé, kò sì padà sílé aṣòfin lẹ́yìn ìdìbò 2015. Àwòrán ṣì wà lára ògiri.

Ẹ tètè lọ, zalewajka kì í kọjá agogo kan ọ̀sán. Owó lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Àga abẹ́ àwòrán ń mì díẹ̀, bàbá sì ni ó ni ín títí di agogo mẹ́wàá.