Ìkànnì olówó pọ́ọ́kú tó níyì: àgbéyẹ̀wò WordPress

WordPress ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì láìkọ kóòdù. Méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. WordPress.com ń ta àyè lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ẹ bá lo ti ọ̀fẹ́, orúkọ wọn á wà nínú àdírẹ́sì yín. Ti WordPress.org ni mò ń yẹ̀ wò níbí. Ó ti wà láti ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin lẹ sì máa wá ibi tí ẹ óò gbé e sí. Fún aránṣọ, alásè tàbí ilé ìwé kékeré, kò sí èyí tí mo lè fi ṣíwájú rẹ̀.

Ohun méjì péré lẹ máa sanwó fún lọ́dọọdún: orúkọ ìkànnì, ìyẹn domain, àti àyè tó ń gbé, ìyẹn hosting. Orúkọ tó parí sí .com.ng kì í sábà wọ́n tó .com. Ẹ má wo iye ọdún àkọ́kọ́ nìkan o. Ẹ béèrè iye ọdún kejì, torí ẹ̀dínwó ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra. Orúkọ àti ímeèlì tiyín ni kí ẹ fi gba domain. Bí ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì bá fi tirẹ̀ gbà á, òun ló ni pátákó ìtajà yín.

Gbígbé e kalẹ̀ kò le. Nínú cPanel, ìyẹn ojú ewé tí ẹ fi ń darí hosting yín, ẹ wá Softaculous, irinṣẹ́ tó ń gbé ètò kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ tẹ WordPress, ẹ yan https, ẹ má sì fi "admin" ṣe orúkọ àbáwọlé. SSL ni ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń jẹ́ kí https ṣiṣẹ́. Ti Let's Encrypt kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ hosting ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun fúnra wọn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó SSL fún ìkànnì kékeré, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ní ti ẹwà, theme, ìyẹn aṣọ tí ìkànnì ń wọ̀, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ bíi Astra, GeneratePress tàbí Kadence ti tó. Ẹ sá fún theme olówó tí wọ́n jí tú tí wọ́n wá ń pín kiri: kóòdù tó ń darí àlejò yín lọ sí ìkànnì tẹ́tẹ́ lè wà nínú rẹ̀.

Àwòrán ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Fọ́tò fóònù lè tó 4 MB. WordPress a máa dín èyí tó bá fẹ̀ ju píksẹ́lì 2560 lọ kù, àmọ́ ó ṣì máa ń wúwo, dátà oníbàárà lẹ sì ń ná. Ẹ gbé e gba inú Squoosh, ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń dín àwòrán kù, ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí 1200, ẹ tọ́jú rẹ̀ ní WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́. Ó sábà máa ń bọ́ sábẹ́ 200 KB.

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ni kì í mẹ́nu bà ni fọ́ǹtì, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì arẹwà ni kò ní ẹ̀ àti ọ́ tó ní àmì lórí, tó tún ní àmì nídìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, bíráósà á lọ yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn: "Ẹ̀kọ́" á wá ní lẹ́tà kan tó sanra ju ìyókù lọ, tàbí kí àmì ohùn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkànnì á rí wúruwùru, olówó rẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹ tẹ "Ẹ̀ṣọ́ ọ̀ṣọ́" sínú àkọlé tó dúdú dáadáa kí ẹ tó yan fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì Noto Sans gbé e láìṣìṣe.

Ẹ pa "Hello world!" àti "Sample Page", àwọn àpẹẹrẹ tó bá WordPress wá, rẹ́. Nínú Settings, lábẹ́ Reading, ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Discourage search engines", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Google lè má gbé yín jáde láéláé.

Àbùkù ńlá tí WordPress ní ni fọ́ọ̀mù ìkànsíni. Ọ̀nà tí WordPress ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa ń jẹ́ kí Gmail jù ú sí spam, ìyẹn àpótí ìdọ̀tí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé. Ẹ fi WP Mail SMTP, ìyẹn plugin (ètò àfikún) tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́, so ó mọ́ ímeèlì domain yín, ẹ sì fi ìlà WhatsApp kún un: wa.me/234, kí nọ́ńbà yín tẹ̀lé e láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tún ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ tẹ Update lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí plugin UpdraftPlus sì máa kó ẹ̀dà ìkànnì lọ sí Google Drive kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè ìyẹn, Google Sites, irinṣẹ́ ìkànnì ọ̀fẹ́ ti Google, á tó o fún ojú ewé kan tó ní iye owó àti àdírẹ́sì.