Ínṣì méjìlá, láti ibo dé ibo? Ìfiwéra ìwọ̀n ère àwọn ẹ̀dá abàmì inú fíìmù

Páálí tí mo lọ gbà ní Kútọ̀ lọ́jọ́ náà ti fúyẹ́ jù lójú mi. Ínṣì 12 ni ẹni tó tà á kọ síbi ìpolówó, ọkàn mi sì ti balẹ̀ pé ère Godzilla, ẹranko abàmì inú fíìmù ilẹ̀ Japan, tó ń bọ̀ á ga tó rúlà ọmọ iléèwé. Ìgbà tí mo tú u, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ínṣì 12 pé lóòótọ́ o, àmọ́ láti orí dé ṣóńṣó ìrù ni. Wọn ò parọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀.

Òkúta Olúmọ tiwa níbí náà ńkọ́? Mítà 137 tí gbogbo ayé ń kà fún un, orí omi òkun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ère ẹ̀dá inú fíìmù, ìbéèrè yẹn ló ṣáájú owó.

Ìdá tàbí ínṣì?

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń tà á ń gbà júwe ọjà wọn. Àwọn kan á kọ ìdá: 1/12, 1/6, 1/4. Tó bá jẹ́ 1/6, ẹ̀dá náà gan-an ga tó ère yín lọ́nà mẹ́fà. Èèyàn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180 á di 15 ní 1/12, 30 ní 1/6, 45 ní 1/4.

Àwọn yòókù á kọ ínṣì, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. "Ínṣì 7" lè jẹ́ gíga ère náà fúnra rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ orúkọ ọ̀wọ́ kan tó jẹ́ pé èèyàn lásán inú rẹ̀ ló ga tó ínṣì 7, tí ẹ̀dá abàmì á wá ga jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti NECA, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ère ẹ̀dá inú fíìmù, rí: Alien, ẹ̀dá abàmì inú fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tó wà nínú ọ̀wọ́ ínṣì 7 wọn ga ju ínṣì 7 lọ dáadáa. Fún ẹ̀dá tí kò ju èèyàn lọ púpọ̀, ìdá ni mo fọkàn tán. Fún àwọn òmìrán, ẹ gbàgbé ìdá, ẹ béèrè sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ̀dá tí èèyàn wà nínú aṣọ rẹ̀

Àwọn wọ̀nyí ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, torí a mọ bí ẹni tó wọ aṣọ náà ṣe ga tó. Ti Alien ọdún 1979, ọmọ wa ni: Bọ́lájí Badéjọ, tí wọ́n bí ní Èkó, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 10. (Ọ̀pọ̀ tó ní ère yìí nílé ni ò mọ̀ pé Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò, kí wọ́n tó jókòó pàápàá.) Ti Predator ọdún 1987, Kevin Peter Hall ni, ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 2. Ní sẹ̀ǹtímítà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bá lára ère nìyí:

| Ẹ̀dá | Ẹni inú aṣọ | 1/12 | 1/6 | 1/4 |
|---|---|---|---|---|
| Alien | 208 | 17 | 35 | 52 |
| Predator | 218 | 18 | 36 | 55 |

Orí gígùn tí wọ́n dé fún Alien tún máa ń fi díẹ̀ kún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe Alien ní 1/6, tó sì dúró ṣánṣán ní 30, ìwọ̀n èèyàn lásán ni wọ́n tà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdúró rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú: èyí tó lóṣòó kò ní ga tó èyí tó nàró.

Dáínósọ̀

Gígùn ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n níbí, kì í ṣe gíga. T. rex tí Stan Winston àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ fún fíìmù Jurassic Park ọdún 1993 gùn tó nǹkan bíi mítà 12. Ní 1/18, ìyẹn á gba sẹ̀ǹtímítà 67 lórí pẹpẹ yín. Ní 1/35, 34 péré. Ti Velociraptor ló ń dá ìjà sílẹ̀: èyí tí wọ́n wa egungun rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ kò ju tòlótòló lọ, ti inú fíìmù sì tó èèyàn. Ère méjì lè jẹ́ 1/18, kí ọ̀kan kéré jìnnà sí èkejì, kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá ti egungun ni tàbí ti fíìmù.

Àwọn òmìrán

Godzilla ọdún 1954 ga ní mítà 50. Ti 1984 jẹ́ 80, ti 2014 jẹ́ 108, ti 2016 jẹ́ 118.5. Ère méjì tó jẹ́ ọgbọọgba ní sẹ̀ǹtímítà 30 á wá dà bí ìbejì lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ti 1954, kò tó ìdajì àbúrò rẹ̀ ti 2016. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá ara wọn mu, tí ti 1954 bá jẹ́ 15, ti 2016 gbọ́dọ̀ tó 35.5.

Kong, ìnàkí òmìrán inú fíìmù, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fíìmù kan ṣoṣo, ti 1933, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ní erékùṣù, ó sì di 24 ní New York, torí á kéré jù láàárín àwọn ilé gogoro. Ọdún 1962, mítà 45. Ọdún 2021, mítà 102. Kong ti erékùṣù ní 1/18 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ti 2021 ní 1/18, ẹ ó kọ́kọ́ ṣí òrùlé. Ọdún fíìmù ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra orúkọ.

Funko Pop, àwọn ère kéékèèké olórí ńlá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ orí tóbi ju ara lọ ni tiwọn rí. Ẹni tó bá ń fi téèpù wọ̀n ọ́n ń fi àkókò ṣòfò.

1/6 rọ́bà àbí 1/4 résìn?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Láti 1/12 sí 1/6, gíga di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n fífẹ̀ àti nínípọn náà di ìlọ́po méjì, ohun tí wọ́n fi ṣe é á wá di ìlọ́po mẹ́jọ. Láti 1/6 sí 1/4, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó ń fi bàálù kẹ́rù kì í wo ìwúwo nìkan, wọ́n ń wọ̀n bí páálí náà ṣe tóbi tó pẹ̀lú.

Résìn, ìyẹn èlò olómi tí wọ́n ń dà sínú àwòṣe tó sì ń dì gbagidi, máa ń mú àwọ̀ àti ìpẹ́ ara jáde ju rọ́bà lọ, ojú ò lè parọ́. Àmọ́ bó bá já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Rọ́bà kì í fọ́, ooru ló ń bá a jà: nínú yàrá tí páànù gbóná lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ Godzilla á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹ lè ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, kẹ́ ẹ tò ó, kẹ́ ẹ sì ki í bọ omi tútù kó le padà. Èmi, 1/6 rọ́bà ni mo ń rà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gé páálí àtijọ́ kan ní gíga àti fífẹ̀ tí wọ́n kọ, ẹ gbé e dúró síbi tí ère náà máa wà, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Páálí ti Alien 1/4 tí mo gé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Ìyàwó mi ti ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa tì í.