Fíláàsì àbí ṣíìpù: èwo ni ká fi tọ́ bakitéríà?

Fíláàsì, ìgò ilé ìwádìí tí wọ́n ń da omi oúnjẹ bakitéríà sí, kò wọ́n: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, ó tún di lílò. Ṣíìpù, ìyẹn rọ́bà sílíkónì kékeré tí ọ̀nà omi tóóró wà nínú rẹ̀, náà lè má gbówó lórí. Maikirosikóòpù tó ń ya fọ́tò rẹ̀ àti páǹpù tó ń gbé omi oúnjẹ wá ló ń jẹ owó.

Àmọ́ ẹ wo "mother machine" (ẹ̀rọ ìyá), irú ṣíìpù kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010. E. coli (irú bakitéríà kan) kan á wà ní ìdí ihò tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ tó bíi máíkírómítà 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Bó ṣe ń pín ara rẹ̀, omi oúnjẹ tó ń ṣàn lẹ́nu ihò á máa gbá àwọn ọmọ lọ, ìyá ò ní kúrò lójú kan. Ẹ lè wo ìyá yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìran! Nínú fíláàsì, ìpíndọ́gba gbogbo wọn lẹ máa rí, oúnjẹ á sì tán.

Ewu ṣíìpù ni pé ìhó afẹ́fẹ́ kan péré (ọ̀tá gbogbo wa) lè dí ọ̀nà omi, kí iṣẹ́ sì bàjẹ́. Fíláàsì ò mọ wàhálà yẹn.

Ẹni tó fẹ́ kí bakitéríà ṣe purotéènì púpọ̀ fún òun, fíláàsì ni kó mú. Ẹni tó ń wá bakitéríà díẹ̀ tó yè nígbà tí oògùn pa ìyókù, ṣíìpù ni tiẹ̀.