Ìgò omi kẹ̀kẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi tètè gbóná: ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà Ìdànrè nínú oòrùn oṣù kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tá a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárọ̀ Sátidé ní Àkúrẹ́ níbí ò yéé bi mí pé ìgò tí mo fi ₦17,000 rà yẹn, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, ṣé owó ò ṣòfò báyìí, ẹ jẹ́ kí n kúkú dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè sinmi.

Ike ni ìgò náà. Ara rẹ̀ nípọn torí ìlọ́po méjì ni wọ́n ṣe é, nǹkan fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bíi fọ́ìlì wà láàárín méjèèjì, òun ni kì í jẹ́ kí ooru ìta tètè wọlé bá omi. Kì í ṣe fúláàsì onírin o. Fúláàsì onírin lè mú omi tutù di ọjọ́ kejì lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo, ẹ ò lè fún un sẹ́nu nígbà tí ọwọ́ kan wà lórí kẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ bá sì já sí kòtò, ẹ̀yìn lẹ ó ti máa gbọ́ ariwo ẹ̀ lórí títì, mọ́tò tó ń bọ̀ á sì gùn ún. Èyí rọ̀, ó ń fún, ó sì dúró pẹ́kípẹ́kí nínú kéèjì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń di ìgò mú lára kẹ̀kẹ́.

Mo dán an wò dáadáa kí n tó máa sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́jọ la ṣe ìdíje kékeré láàárín ara wa, láti Òkè Àró dé Ìdànrè ká sì padà, ó lé díẹ̀ ní 20 kìlómítà lálọ. 7 àárọ̀ la fi àdéhùn sí. Táyà ẹnì kan jò, ẹnì kan ṣì ń wá pọ́ńpù kiri, ìgbà tá a máa fi gbéra 11 ti fẹ́ẹ̀ lù, fóònù mi sì ń sọ pé 36 ni ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ibi tí kò bá sí igi, òkúta ńláńlá ibẹ̀ máa ń gba oòrùn sára, á sì máa tu ú sí èèyàn lójú bí ààrò. Ìgò mi àtijọ́ wà nínú kéèjì kan, tuntun wà nínú ìkejì, omi inú fíríìjì kan náà, áìsì wóró mẹ́rin mẹ́rin.

A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí omi inú ìgò àtijọ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Tẹ́ ẹ bá mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní fẹ́ mu ún mọ́, bí òùngbẹ tilẹ̀ ń gbẹ yín. Èyí tuntun ńkọ́? Ó lé ní wákàtí kan lẹ́yìn tá a gbéra tí mo ṣì ń gbọ́ áìsì tó ń lu ara wọn nínú ẹ̀. Mo mu ún tán pátápátá, ti àtijọ́ ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ. Ohun tó dáa jù lára ìgò náà nìyẹn, ó ń jẹ́ kéèyàn mumi. Kò sí àníàní níbẹ̀.

Ibi tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí, torí mo rí i pé àwọn tó ń ra á rò pé nígbà tí omi àwọn ti tutù, oòrùn ò lè ṣe àwọn ní nǹkan kan mọ́. Rárá o. Nígbà tá a bá ń wa kẹ̀kẹ́, nínú gbogbo agbára tí ara ń ná, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń yí táyà, ooru ni gbogbo ìyókù ń dà sí wa lára. Mo jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹni tó ń fi agbára tó tó nǹkan bíi 150 wáàtì wa kẹ̀kẹ́ (kì í ṣe eré àsápajúdé nìyẹn o), tó bá mu gbogbo 600 mílílítà omi fíríìjì inú ìgò yìí, òtútù omi náà lè gbé ooru tí ara ẹ̀ mú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tán! Àmọ́ ká ní omi tó tó bẹ́ẹ̀ náà gbẹ tán lórí awọ ara ẹ̀, ooru bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni ì bá gbé lọ. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń tù wá, omi tá à ń mu wulẹ̀ ń dá èyí tá a là jáde padà ni.

Ìdí tí oṣù kẹta fi le fún wa ju ìgbà ọyẹ́ lọ náà nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ táútáú, òógùn ń gbẹ kẹ́ ẹ tó rí i, ètè lẹ máa rí pé ó bẹ́. Àmọ́ tí òjò bá ti ń ṣú tí kò rọ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn á kàn máa kán tó-tó-tó sórí kẹ̀kẹ́, èyí tó bá sì kán sílẹ̀ ò tu ara kankan.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fojú ara mi rí i. Nígbà tá à ń padà bọ̀, àbúrò kan láàárín wa tí agbára ẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, tó ti ń ṣíwájú látàárọ̀, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo bá a, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú mi o." Òtútù kẹ̀? Nínú oòrùn yẹn? Mo wo ọwọ́ ẹ̀, irun ibẹ̀ ti dìde, mo bi í léèrè pé ibo la dé, ó dárúkọ ibòmíràn fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má sọ pé kó rọra máa bọ̀, ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ooru ti wọ ọpọlọ nìyẹn.

A gbé e sábẹ́ igi máńgòrò kan, màmá kan ń ta píọ̀ wọ́tà níbẹ̀, Ọlọ́run á bù kún màmá yẹn. Kò tiẹ̀ béèrè owó, ó ń pariwo pé "Ẹ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ẹ̀, ẹ má dúró wò ó!", ó gbé kúlà ẹ̀ wá odindi. A bọ́ jẹ́sì, a da omi sí i láti orí dé ẹsẹ̀, ẹni méjì ń fi páálí fẹ́ ẹ, a ki píọ̀ wọ́tà tó dì sí i lọ́rùn, sí abíyá, sí itan. Gbogbo ìgò wa la tú sí i lára, tèmi tó lówó lórí náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn bó ṣe yẹ, a dá mọ́tò dúró, a gbé e lọ sọ́sibítù, alẹ́ ni wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò lè purọ́. Tom Simpson, agunkẹ̀kẹ́ ará Ìlú Ọba, ò ju ọmọ ọdún 29 lọ nígbà tó ṣubú tó sì kú lórí òkè Mont Ventoux nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, 13 July 1967, ooru ọjọ́ yẹn pọ̀, oògùn agbára àti ọtí sì wà lára ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó le dáadáa ni, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun gan-an kì í fi ooru ṣeré. Tour Down Under, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe ní Ọsirélíà nínú oṣù kìíní, tó jẹ́ ìgbà oòrùn tiwọn, lọ́dún 2018 wọ́n gé ọ̀nà ọjọ́ kẹta kúrú nítorí ooru. UCI, àjọ tó ń darí ìdíje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, náà ti ní ìlànà báyìí tí wọ́n fi ń wo ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ pa pọ̀, wọ́n lè yí aago ìdíje padà tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹ sì wo ẹ̀yìn ọrùn wọn lórí tẹlifísọ̀n, ẹ máa rí nǹkan tó yọ gọngọ lábẹ́ jẹ́sì. Áìsì ni! Inú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn obìnrin máa ń wọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á so ó, wọ́n á tì í sí ẹ̀yìn ọrùn, bó ṣe ń yọ́ ló ń ṣàn sí wọn lẹ́yìn. Èmi náà ti ń ṣe é. Píọ̀ wọ́tà dídì ₦50 ni mo ń fọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó mi, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó tu mí lára ju ìgò ₦17,000 lọ. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má ra ìgò o, mo ní kẹ́ ẹ má ra ìgò kẹ́ ẹ wá gbàgbé áìsì.

Àléébù ìgò náà wà. Ìnípọn ara ẹ̀ ti jẹ àyè inú mọ́ ọn lọ́wọ́, 600 mílílítà ló gbà nígbà tí àtijọ́ mi tí wọn ò ju ara wọn lọ níta gba 750. Lọ́nà Oǹdó, tó lé ní 40 kìlómítà, àìtó omi yẹn máa ń hàn, èmi máa ń dúró ní Ọ̀wẹnà kún un.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ẹnu ìgò náà. Ó ní rọ́bà kékeré kan tí kì í jẹ́ kí omi dànù, ibẹ̀ ṣòro fọ̀ gan-an. Èmi kì í mu omi lásán ní gbogbo ọ̀nà, torí iyọ̀ ń bá òógùn jáde, ẹni tó bá sì ń da omi lásán sínú gbùrùgbùrù fún wákàtí púpọ̀ lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dínkù débi àìsàn. Ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tí kò kún sókè, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, omi lítà kan, bí wọ́n ṣe ń pò ó fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru gẹ́lẹ́, òun ni mò ń lò. Ṣúgà yẹn ló ń há sábẹ́ rọ́bà. Ọjọ́ kan tí mi ò fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì, ebu dúdú ti hù síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé àti omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́ gbàrà tí mo bá délé. Lẹ́yìn oṣù méjì pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yẹn, rọ́bà náà ṣì sán, ó ti ń jò sí mi lẹ́sẹ̀ báyìí. Fún ₦17,000, kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ má gba omi fíríìjì lásán gbọ́. Ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ nínú fírísà mọ́jú kó lè dì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wá bu omi kún un láàárọ̀ (tí NEPA bá gbà fún yín). Ẹni tó jẹ́ pé 6 àárọ̀ ló ń jáde tí 8 ti ń bá a nílé, ẹ fi owó yín pa mọ́, ìgò lásán tó yín.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́ta àbọ̀. Tí kì í bá ṣe ti rọ́bà yẹn ni, mẹ́rin àbọ̀ ni ǹ bá fún un. Ara ìgò náà ṣì dáa, mi ò fẹ́ jù ú nù, ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọmọrí ẹ̀ nìkan ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tó mi létí kó tó di Sátidé.