Nikon D7200 lẹ́nu iṣẹ́ ní Àgbádárìgì: ibi tí agbára sẹ́ńsọ̀ mọ àti ibi tí ti lẹ́ǹsì mọ

Kámẹ́rà Nikon D7200 ni mo fi ń ya ilé àtijọ́ àti ìgbéyàwó ní Àgbádárìgì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á mọ ohun tí mẹ́gápíksẹ́lì 24 rẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì (àmì wẹ́wẹ́ tí ń para pọ̀ di àwòrán), kò lè dá ṣe. Píksẹ́lì 6000 ni ó tò sórí ìlà kan ní ìbú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn awo tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 23.5, bíi 255 nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Lẹ́ǹsì tí kò bá lè ya ìlà wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ń fi píksẹ́lì ṣòfò ni.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845, ni mo fi dán an wò, tí mo gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì súùmù olówó pọ́ọ́kú kan, àárín àwòrán dára, ṣùgbọ́n ìlà páànù òrùlé tí ó wà létí pátápátá dà pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo fi lẹ́ǹsì 35mm f/1.8 rọ́pò rẹ̀, ní f/5.6 kan náà (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì: bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe kéré tó), mo lè ka ìlà páànù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ kan náà mà ni o.

Lẹ́ǹsì tó dára yìí náà ní òpin. Mo pa ihò rẹ̀ dé f/16, gbogbo àwòrán sì ṣe bàìbàì díẹ̀ láti àárín dé etí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń tàn ká, tí àmì kíún yóò sì fẹ̀ di róbótó, gẹ́gẹ́ bí George Airy, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1835. Ní f/5.6, róbótó náà kò tó píksẹ́lì méjì lórí sẹ́ńsọ̀ yìí. Ní f/16, ó ju márùn-ún lọ. Kò sí lẹ́ǹsì, bó ti wù kó wọ́n tó, tí ó bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Ẹ kíyè sí aṣọ òfì pẹ̀lú. D7200 kò ní gíláàsì tí ń pa ìlà wẹ́wẹ́ rẹ́ níwájú sẹ́ńsọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi ń mú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí òwú bá ti wẹ́ ju ohun tí píksẹ́lì lè kà lọ, àwọ̀ òṣùmàrè tí kò sí lára aṣọ ìyàwó lè yọ nínú àwòrán. Mo máa ń sún mọ́ aṣọ náà díẹ̀ kí n tó tún un yà.

Bátìrì rẹ̀ lágbára, kò sì wúwo jù.

Ní píksẹ́lì 300 sí ínǹṣì kan, 6000 tó fún ìwé àwòrán tí ó fẹ̀ tó ínǹṣì 20, álíbọ́ọ̀mù àwọn oníbàárà mi kì í sì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, owó tí ó bá tún wọlé, lẹ́ǹsì 85mm ni mo máa fi rà.