Ṣínáì tí wọ́n ti tò, ọparun lásán, tàbí kábọ́ọ̀nù: èwo ni kí ẹ rà?

Ṣínáì ni idà ọparun tí wọ́n fi ń kọ́ kẹ́ńdò, ìjà idà àwọn ará Japan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ti tò pé náà dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ọparun lásán ni kí ẹ rà, kí ẹ fúnra yín fi awọ àti okùn sí i.

Èyí tí wọ́n ti tò rọrùn lóòótọ́, àmọ́ awọ ara àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í nípọn, okùn wọn sì tètè ń dẹ̀. Ẹ ṣì máa tú u wò kí ẹ tó lò ó, torí ẹ̀gún ọparun lè gba àárín irin ìbojú wọ ojú ẹni tí ẹ ń bá jà. Iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ sanwó kí ẹ má baà ṣe náà lẹ ń ṣe yẹn.

Ti ọparun lásán, ẹ máa ra awọ èèkù (tsukagawa), awọ orí (sakigawa), okùn (tsuru) àti awọ àárín (nakayui) lọ́tọ̀. Owó àkọ́kọ́ lè ju ti èyí tí wọ́n ti tò lọ. Ṣùgbọ́n ọparun ló ń tètè kú, awọ kì í tètè kú. Bí ọparun bá ya, ẹ ra òmíràn, ẹ sì gbé awọ àtijọ́ wọ̀ ọ́. Awọ ni kí ẹ náwó lé, kí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti ọparun mu. Nọ́ńbà 39 ni ti àgbà, kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ. Nínú ìdíje, ti ọkùnrin kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 510, ti obìnrin 440, láìka tsuba, àwo róbótó tó ń bo ọwọ́, mọ́ ọn.

Kí ẹ tó tò ó, ẹ fi sáńdípépà ra etí abala ọparun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó para pọ̀ di idà náà títí tí kò fi mú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ha èèpo ẹ̀yìn tó ń dán, ibẹ̀ ni agbára ọparun wà. Ẹ fi òróró pa á, ẹ nù ún, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má gbàgbé chigiri, irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń wọ inú èèkù. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọn abala yẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ̀yìn idà ni okùn ń gbà, kó le dáadáa. Nakayui a sì jìnnà sí orí tó ìdámẹ́rin gígùn rẹ̀.

Lórí ìrísí, irú ṣínáì tí wọ́n ń pè ní dobari sanra nítòsí èèkù, orí rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní koto tẹ́ẹ́rẹ́, ìwúwo rẹ̀ wà níwájú. Madake, ọparun ilẹ̀ Japan, wọ́n ju ti Taiwan àti Ṣáínà lọ.

Ṣínáì kábọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe dípò ọparun, gba owó tó tó ìlọ́po mélòó kan ti ọparun. Kò fẹ́ òróró, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá bó tí dúdú inú yọ, kò sí sáńdípépà tó lè tún un ṣe. Ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tó ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ ló lè jèrè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ yín, torí àwọn kan kì í fẹ́ ẹ níbi ìdánrawò wọn.